Orúkọ Tí Ìyá Làtífù Fi Ń Dúpẹ́

Láràárọ̀, bí Adéòjó ọkọ rẹ̀ bá ti wọ ilé ìwẹ̀ láti múra ibi iṣẹ́, Màmá Ayọ̀ a kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sì máa dárúkọ àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Àánú fún Ọlọ́run níkọ̀ọ̀kan. A dárúkọ Ṣìmí tí í ṣètò oúnjẹ. A dárúkọ Mobọ́lájí tí í wa bọ́ọ̀sì ìjọ. Kódà a dárúkọ ọkùnrin kan tó ti kó lọ sí Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dárúkọ. Bó bá ti kan Ìtẹ́olúwa, ẹnu rẹ̀ a fo orúkọ náà bí ìgbà téèyàn ń fo gọ́tà, a sì ṣe "àmín" kíákíá, kí Ọlọ́run má baà ráàyè bi í pé ta ló kù.

Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní òun ò kórìíra ọmọbìnrin náà. Òótọ́ ni, kò kórìíra rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé tó bá ti fojú kàn án, àyà rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tó jẹ ata gbígbẹ ni. Ẹ jẹ́ ká yé tan ara wa: owú ni. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, àgbà ìjọ tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ kí lójú ọ̀nà, ń jowú ọmọ tí òun lè bí. Owú náà sì burú ju ti orogún lọ, nítorí bí orogún méjì bá ń jà, àwọn ará ilé á là wọ́n. Ta ni yóò la ìjà tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá jà?

Ohun tó tún wá jẹ́ kó dùn ún wọra ni pé òun gan-an ló fa ọmọ náà wọlé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òjò kan rọ̀ ní Ìkòròdú tí àwọn ilé tó wà ní bèbè odò fi mu omi dé ojú fèrèsé. Ìtẹ́olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirè dé nígbà náà. Ó háyà yàrá kan ní àdúgbò ọ̀hún nítorí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ níbi tí àwọn fáàkítírì pọ̀ sí. Màmá Ayọ̀ ló wọ bàtà òjò, tó ṣáájú àwọn ọkùnrin ìjọ wọ inú omi yẹn. Orí tábìlì ló ti bá ọmọbìnrin náà, ó ká ẹsẹ̀ sókè, aṣọ àwọ̀sùn nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó dì í mú, ó mú un jáde, ó sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ Màmá Ayọ̀ wà lọ́jọ́ náà. Ìkánjú ò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí àpótí, ó fa ìró kan yọ, ó ní, "Gbà, so ó mọ́ra, kí òtútù má pa ọ́ sí mi lọ́rùn." Ìró aláró ni, èyí tí Adéòjó rà fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Ayọ̀midọ̀tun, àkọ́bí wọn, lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú pupa ṣẹ́ ẹ létí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó rí ohun tó ti ṣe, àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa gba aṣọ padà lára ẹni tí omi lé nílé? Ó gbé e mì.

Ìtẹ́olúwa gbé pẹ̀lú wọn títí tó fi rí yàrá mìíràn. Lọ́jọ́ tó máa kó jáde, ó kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí lorúkọ yín gan-an? Màmá Ayọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè yín. Mo fẹ́ mọ èyí tí màá máa fi gbàdúrà fún yín."

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí láàárín wa. Bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ tirẹ̀ ti wọ àpótí nìyẹn. Àwọn tó bí i nìkan ló kù tó lè máa pe èyí tí wọ́n sọ ọ́, bí wọ́n bá sì ti lọ, ó ku inú àdúrà, torí kò sẹ́ni tó máa sọ fún Ọlọ́run pé "Màmá Ayọ̀" kí Ọlọ́run má béèrè pé èwo nínú wọn. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọdé yìí ronú dé ibẹ̀. "Morádéyọ̀," ó dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìtẹ́olúwa ní òun fẹ́ wọ Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Àánú. Ta ni yóò kọ̀? Omi ló kọ́kọ́ ń pọn. Lẹ́yìn náà ó ń bá wọn di ìrẹsì sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, kí Màmá Ayọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun ni àwọn èèyàn ń béèrè. Nígbà tí iná jó àwọn ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Èbúté, tí ẹgbẹ́ gbé oúnjẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ, ọkùnrin kan tí gbogbo ọjà rẹ̀ jóná gbé orí lé èjìká Ìtẹ́olúwa, ó ń sunkún bí ọmọdé. Màmá Ayọ̀ tó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní "ẹ ṣeun Mà", ó sì padà sórí èjìká Ìtẹ́olúwa.

Ṣùgbọ́n Ìdí-Àgbọn ló wá dá a lágara pátápátá. Abúlé apẹja kan ni, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ níhà ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ló ń débẹ̀. Lọ́dún yìí ọ̀sà kún, ó gba ilé wọn, ó gba ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja, kànga wọn sì bàjẹ́. Pásítọ̀ Bólúwají ní kí ẹgbẹ́ máa lọ síbẹ̀ lóṣooṣù títí ara á fi tù wọ́n.

Màmá Ayọ̀ ní bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Tó bá débẹ̀, á kọrin, á wàásù ṣókí, á ní kí wọ́n tò. "Ẹ tò síbẹ̀! Ẹ tò síbẹ̀ dáadáa!" Ẹni tó bá tò á gbà, kò ní sí ìjà, kò ní sí ìrẹ́jẹ, ẹgbẹ́ á sì ti wà lójú ọ̀nà ilé kí oòrùn tó rọ̀. Òfin rẹ̀ mìíràn ni pé ẹgbẹ́ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́, omi mímu pàápàá, wọ́n ń gbé tiwọn dání. Lójú rẹ̀, ìwà mímọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Làtífù gbé ẹja gbígbẹ wá nínú àwo, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Màmá Ayọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rọra tì í padà. "Rárá o, Ìyá. A wá fún yín ni, a ò wá gbà lọ́wọ́ yín." Arúgbó náà dúró ti òun ti àwo rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. "Ìyá, ebi ń pa mí o. Ẹ jẹ́ n bá yín jẹ ẹ́."

Ìtẹ́olúwa ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ẹja náà jẹ ẹ̀bà, ó ń fa egungun mu, ó ń bá wọn pa àwàdà. Lẹ́yìn náà ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bá àwọn obìnrin kó ẹrẹ̀ kúrò nínú yàrá. Orí àga oníke ni Màmá Ayọ̀ wà tó ń wò wọ́n. Ó rí i bí abúlé náà ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò ní ìwà olórí," ó wí sí Ṣìmí létí.

Ọ̀rọ̀ olórí yìí náà ló wà nílẹ̀. Màmá Agnes tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti dàgbà, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Pásítọ̀ sì ti ní òun á kéde olórí tuntun lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà ìsìn ìdúpẹ́. Màmá Ayọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti yọ aṣọ tó máa wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló tún kù? Ta ló ti ń wọ inú omi látìgbà tí àwọn ẹlòmíràn wà ní Ìkirè?

Ìgbà tó wá gbọ́ tí Pásítọ̀ ń sọ nínú ìpàdé pé, "Sístà Ìtẹ́olúwa ni kó ṣáájú yín lọ sí Ìdí-Àgbọn ní Sátidé yìí, kí n fi wo nǹkan kan," orí rẹ̀ gbóná. Gbogbo ara rẹ̀ gbóná. Ó ń mi orí bí ẹni tó fara mọ́ ọn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ nínú bàtà bíi pé ó fẹ́ lu ilẹ̀ jáde. Nígbà tó délé, ó pe Pásítọ̀ lórí fóònù. "Pásítọ̀, ọlọ́kọ̀ ní òun ò ní sí nílé ní Sátidé o. Ó ní Ọjọ́bọ̀ nìkan ni òun ráàyè."

Kò pe ọlọ́kọ̀ kankan. Ó sì mọ̀ dájú pé ṣífítì àárọ̀ ni Ìtẹ́olúwa wà lọ́sẹ̀ yẹn láti Mọ́ńdè dé Fráídè, àti pé ọ̀gá rẹ̀ kì í gbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó burú o," Pásítọ̀ wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ṣáájú wọn nìyẹn, Mà?"

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Olúwa fẹ́," Màmá Ayọ̀ dáhùn. Ẹ ò rí i, ó tún fi Olúwa kún un.

Nígbà tó kúnlẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fẹ́ dúpẹ́ fún ìrìn àjò náà, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó sọ "Olúwa, mo dúpẹ́", kò rí nǹkan tí yóò fi tì í. Kí a sòótọ́, ó ti pẹ́ tí ìdúpẹ́ rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá gba ìgbéga, á dúpẹ́, á tún rántí pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìtẹ́olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Kò sí ohun rere tí Ọlọ́run ṣe fún un tí kò kọ́kọ́ yọjú wo ti ọmọbìnrin náà kó tó mọ bó ti tóbi tó. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó lọ wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Mobọ́lájí fi bọ́ọ̀sì gbé wọn gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, Làtífù, ọmọ arúgbó ẹlẹ́ja gbígbẹ yẹn, ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó na ọrùn wo inú bọ́ọ̀sì kó tó kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàbọ̀ o. Sístà Ìtẹ́ ńkọ́?"

"Ó lọ síbi iṣẹ́."

"Háà. Ṣé kò rẹ̀ wọ́n ṣá?"

"Mo ní ó lọ síbi iṣẹ́, Làtífù."

Bó ṣe rí nìyẹn títí wọ́n fi dé òdìkejì. Ìyàwó kan tó gbé ọmọ pọ̀n béèrè Sístà Ìtẹ́. Bàbá kan tí kò ríran dáadáa béèrè ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tò láti gba ìrẹsì àti àwọ̀n ẹ̀fọn ń na ọrùn wo ẹ̀yìn Màmá Ayọ̀, bóyá wọ́n fi ẹnìkan pamọ́ síbẹ̀. Ó wàásù, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Lórí ìfẹ́ ará ni ìwàásù náà dá lé. Ó pín nǹkan bí ẹni ń lé wọn lọ. Ohun tó ń wá ni pé kí gbogbo nǹkan tètè parí, kó padà sí Ìkòròdú, kó sì sọ fún Pásítọ̀ pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà tán.

Nígbà tó máa fi sọ fún wọn pé kí wọ́n kó sọ́kọ̀, òkè ọ̀sà ti ṣú. Làtífù wo ojú ọ̀run, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Atẹ́gùn ń bọ̀."

"Atẹ́gùn wo? A máa ń tètè lọ sílé ni. Ẹ wọlé jàre."

Ó ṣáájú. Pákó tí wọ́n fi so èbúté abúlé náà mọ́ ọkọ̀ ti rin, atẹ́gùn sì gbá ọkọ̀ kúrò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí pákó tí ìkejì wà lófuurufú. Ó ṣubú sómi gbàù. Omi wọ̀ ọ́ nímú, ó wọ̀ ọ́ létí, gèlè rẹ̀ léfòó lọ lọ́tọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tó yọ orí sókè ni ohùn obìnrin kan tó ń kígbe, "Ẹ gbà wá o, Ìyá Ẹ-Tò-Síbẹ̀ ti kó sómi!"

Ìyá Ẹ-Tò-Síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń pè é láti oṣù mélòó kan wá nìyẹn, kò mọ̀. Làtífù bẹ́ sómi, òun àti Mobọ́lájí sì fà á jáde. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́.

Ilé pákó ni ilé Ìyá Làtífù, ó dúró lórí òpó, ó sì mọ́ tónítóní. Arúgbó náà lé àwọn ọkùnrin síta, ó bọ́ aṣọ tútù lára Màmá Ayọ̀ bí ìgbà tó ń bọ́ ti ọmọ kékeré, kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Ayọ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ojú ń tì í. Òun, àgbà obìnrin, ní ìhòòhò nínú ilé ẹni tí òun ń fún ní ìrẹsì! Ìyá Làtífù ṣí àpótí páànù kan, ó fa ìró kan yọ, ó sì fi bò ó.

Ìró aláró ni. Òwú pupa wà ní etí rẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀ òtútù kúrò lára rẹ̀, ìbínú ló rọ́pò rẹ̀. Ó ti tà á! Àbí ó fi tọrẹ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀? Ìró ìkómọ Ayọ̀midọ̀tun! Ìyẹn ni kò fi rí i lára rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta yìí! Ó fi tèmi ra ojú rere fún ara rẹ̀, ó wí nínú ọkàn rẹ̀, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn, nítorí nísinsìnyí ó ti rí ohun tó lè dì mú.

"Ìyá," ó ní, "níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?" Arúgbó náà jókòó tì í, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu irun rẹ̀. "Sístà Ìtẹ́ yín ló fún mi. Ìgbà tí omi kó gbogbo aṣọ mi lọ, tó jẹ́ àpò ìrẹsì ni mo ró. Ó ní lọ́jọ́ tí omi lé òun náà jáde nílé, aṣọ yìí ni ẹnìkan fi bo òun. Ó ní òun ò ró o láti ìgbà náà, ó tóbi lójú òun, òun ń tọ́jú ẹ̀ de ẹni tí omi bá ṣe bó ṣe ṣe òun. Mo sunkún o. Mo ní màá máa dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó ní rárá, òun kọ́ ni kí n máa dárúkọ. Ó ní ẹni tó ni aṣọ, Morádéyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ wọn ni kí n máa fi dúpẹ́."

Màmá Ayọ̀ fa etí aṣọ náà mọ́ra.

"Èmi ò mọ̀ wọ́n rí," arúgbó náà ń sọ lọ. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kírun tán, mo máa dárúkọ wọn. Àwọn obìnrin àdúgbò yìí náà ń bá mi ṣe é. Ọmọ Rodiat tó bí lóṣù tó kọjá, Morádéyọ̀ la ní ká fi kún orúkọ ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n, ní ìjọ yín níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀."

"Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

Òjò ń lu páànù. Màmá Ayọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí etí aṣọ tó ṣẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ tó láti ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rántí irọ́ orí fóònù. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ti fo orúkọ kan bí ẹni fo gọ́tà, nígbà tí ẹni náà ń gbé orúkọ Morádéyọ̀ kiri láàárín àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti ya, "ẹ máa gbàdúrà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró."

Ìyá Làtífù gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀bà ni àti ẹja gbígbẹ, nínú àwo kan náà yẹn. Ó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń wò ó lójú bí ẹni tí wọ́n ti kọ ohun kan fún rí. Màmá Ayọ̀ gbà á. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Ó máa ń rò pé ẹni tó ń fúnni ló ń ṣe iṣẹ́, pé ẹni tó ń gbà kàn ń jókòó ni. Ẹja já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣà á, ó jẹ ẹ́. "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó ní. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un sọ.

Nígbà tó di àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́, arúgbó náà ṣe àlùwàlá, ó wọ yàrá kejì lọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wọn. Màmá Ayọ̀ gbọ́ ọ bó ṣe ń ka kéú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Arúgbó náà dúpẹ́ fún ẹ̀mí, ó dúpẹ́ fún Làtífù, ó sì ní, "Ọlọ́run, Morádéyọ̀ tó bo ìhòòhò mi, máa bo tiẹ̀. Jẹ́ kára ẹ̀ ó le. Má jẹ́ kọ́kàn ẹ̀ ó bàjẹ́."

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Ó fi ìró náà bo ojú, ó sunkún títí òsúkè fi ń ṣe é.

Nígbà tí Ìyá Làtífù jáde, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Orúkọ wo ni kí n máa fi gbàdúrà fún yín?"

Màmá Ayọ̀ nu ojú. "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn tí mo bá wá, Ìyá."

Ọ̀sà rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Arúgbó náà ò gbà kó bọ́ ìró náà, ó ní kó ró o lọ, kó mú un padà nígbà tó bá ń bọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó dé Ìtóìkín, ó pe Pásítọ̀. "Pásítọ̀, irọ́ ni mo pa nípa ọkọ̀ yẹn. Ó wà ní Sátidé. N ò fẹ́ kí Ìtẹ́olúwa lọ ni." Mobọ́lájí tó ń wakọ̀ ń wo ojú ọ̀nà tagbáratagbára, bíi pé kò létí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, Mà," Pásítọ̀ wí, kò sì fi nǹkan kan kún un. Màmá Ayọ̀ ti retí pé á ní kò burú. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ́olúwa wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bọ́ọ̀sì wọlé. Láti ibi iṣẹ́ ló gba ibẹ̀ tààrà, ìyẹ̀fun bisikíìtì ṣì wà lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wá bá wọn kó àwọn kúlà omi sílẹ̀. Ó rí ìró tó wà ní ìdí Màmá Ayọ̀, ó sì dúró gbagidi.

"Mà, ẹ má bínú," ó sáré sọ. "Mo mọ̀ pé mi ò bi yín kí n tó fi tọrẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ fún yín."

"Ìwọ ló ń bẹ̀ mí?" Màmá Ayọ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Sátidé ni ọkọ̀ wà, Ìtẹ́olúwa. Èmi ni mo yí i padà kó o má baà lè lọ. Owú rẹ ni mò ń jẹ."

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Kì í ṣe áńgẹ́lì, èèyàn ni. "Ó dùn mí o, Mà," ó ní. "Mo sunkún ní ibi iṣẹ́ lónìí. Mo ti sọ fún Ìyá Làtífù pé màá wá."

"Mo mọ̀. Ó béèrè rẹ. Gbogbo wọn béèrè rẹ."

Wọ́n jọ gbé kúlà kan wọlé, ọwọ́ Màmá Ayọ̀ lápá kan, ọwọ́ Ìtẹ́olúwa lápá kejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Bólúwají kéde rẹ̀ lẹ́yìn ọrẹ ìdúpẹ́. Ìtẹ́olúwa ni. Gbogbo ìjọ pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ má rò pé kò dun Màmá Ayọ̀. Ó dùn ún dé egungun. Owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ata gbígbẹ náà ṣì ń ta á láyà.

Àṣà ìjọ náà ni pé ẹni tí wọ́n bá fi joyè tuntun á kúnlẹ̀ níwájú, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì gbé ọwọ́ lé e lórí, á gbàdúrà fún un. Pásítọ̀ wo àárín ìjọ. Kò pe orúkọ kankan, ó kàn ń wo Màmá Ayọ̀. Obìnrin náà dìde nínú aṣọ tó ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ ti ara rẹ̀. Ọ̀nà náà gùn lójú rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó fà jáde nínú omi, orí náà sì gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìjọ ń dúró dè é.

"Olúwa," ó ní, "mo dúpẹ́ nítorí Ìtẹ́olúwa."

Ó tún orúkọ náà pè. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, Pásítọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Kò gbàgbé. Àwọn àárọ̀ tó ti fò ó ló pọ̀.